Búrẹ́dì Tó Ń Jẹ́ Orúkọ Mi

Òórùn búrẹ́dì ló máa ń jí mi láàárọ̀ nígbà tí mo wà ní kékeré. Kì í ṣe pé a ń yan búrẹ́dì nínú fúláàtì wa o. Ara aṣọ Mọ́mì ni òórùn náà ti ń wá. Bí wọ́n bá ti ibi iṣẹ́ dé ní kùtùkùtù, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi, òórùn ṣúgà, bọ́tà àti ìwúkàrà á gba gbogbo yàrá. Ojú mi kò tíì là tán tí màá ti na ọwọ́ sí báàgì wọn, nítorí mo mọ̀ pé búrẹ́dì kan wà níbẹ̀ tó ṣì ń gbóná. Wọn á gbá ọwọ́ mi dànù. "Orúnkún á kọ́kọ́ kanlẹ̀ kí ẹnu tó kan búrẹ́dì," bẹ́ẹ̀ ni wọ́n máa ń wí. Èmi náà á sọ̀ kalẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì, màá kúnlẹ̀, màá ní "Ẹ káàárọ̀, mà," pẹ̀lú ohùn Yorùbá mi tí bàbá mi sọ pé ó dà bíi ti òyìnbó tó ń ka ìròyìn.

Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà ní Peckham á rántí àwọn ìsọ̀ gbọọrọ tí wọ́n fi bíríkì kọ́ sábẹ́ afárá rélùwéè. Ọ̀kan nínú wọn ni ilé búrẹ́dì wa. Mẹkáníìkì wà lápá ọ̀tún, ṣọ́ọ̀ṣì wà lápá òsì, débi pé bí wọ́n ṣe ń lu irin lọ́hùn-ún ni wọ́n ń kọrin níhìn-ín. Bí ọkọ̀ ojú irin bá ń kọjá lórí wa, gbogbo páànù búrẹ́dì á máa gbọ̀n. Mọ́mì àti Àǹtí Múlíkà ni wọ́n jọ dá a sílẹ̀. Ibi tí wọ́n ti ń gbálẹ̀ ọ́fíìsì ní Elephant and Castle ni wọ́n ti mọ ara wọn. Mọ́mì jẹ́ onígbàgbọ́ tí kì í pa ìsìn Sọ́ńdè jẹ, Àǹtí sì jẹ́ mùsùlùmí tí kì í fi Jímọ̀ ṣeré. Àwọn ènìyàn ní irú wọn kò lè bára wọn ṣòwò pẹ́. Bẹ́ẹ̀ ohun tó mú òwò náà dúró gan-an nìyẹn: lọ́jọ́ Jímọ̀, Mọ́mì á dúró ti ààrò, bó bá di Sọ́ńdè, ó di ọwọ́ Àǹtí.

Ní ti orúkọ, ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílé. Orúkọ ọmọ ni wọ́n sábà máa ń fi pe búrẹ́dì, wọn á sì tẹ àwòrán ọmọ náà sára náílọ́ọ̀nù. Àǹtí Múlíkà ní àwọn ọmọkùnrin tòun ti hu irùngbọ̀n, ojú wọn kò ṣeé fi ta búrẹ́dì mọ́, kí wọ́n lo tèmi. Bí mo ṣe di Búrẹ́dì Àṣàkẹ́ nìyẹn. Mò ń rẹ́rìn-ín nínú àwòrán náà, eyín iwájú mi kan kò sì sí níbẹ̀. Bí a bá wọ bọ́ọ̀sì, ìyá kan á wò mí, á tún mi wò, á ní, "Ṣé kì í ṣe ọmọ ara búrẹ́dì yẹn nìyí?" Bọ̀dá Ráṣídì, tó máa ń po ìyẹ̀fun, á dọ̀bálẹ̀ gbalaja bí mo bá wọlé: "Ọ̀gá mi, ṣé ká bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́?" Màá ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọn á sì bẹ̀rẹ̀. Kí lẹ tún fẹ́ kí ọmọdé rò? Mo gbà tọkàntọkàn pé èmi ni mo ni ilé búrẹ́dì.

Ilé ẹ̀kọ́ ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ́yìn yọ. Tíṣà wa, òyìnbó obìnrin kan tí gbogbo wa ń pè ní Miss, ń kọ́ wa nípa òwò. Wọ́n ní àwọn oníṣòwò kan ń ṣe nǹkan jáde, bí ẹni tó ń ṣe bàtà. Àwọn kan ń ta ohun tí ẹlòmíràn ṣe. Àwọn mìíràn kì í ta ohun tó ṣeé gbé lọ́wọ́, iṣẹ́ ni wọ́n ń báni ṣe, bí onígbàjámọ̀. Wọ́n wá ní ohun kan wà tí ojú kì í rí láti ìta ṣọ́ọ̀bù, ìyẹn ni ẹni tó ni ín. Ó lè jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo, ó lè jẹ́ àwọn tó pawọ́ pọ̀, ó lè jẹ́ ìjọba, ó sì lè jẹ́ ọ̀gọ̀ọ̀rọ̀ ènìyàn tí wọn kò mọ ara wọn rí, tí kálukú ní ìpín tirẹ̀. Wọ́n bi wá bóyá a mọ ẹnikẹ́ni tó ni òwò. Mo na ọwọ́ sókè, mo ní èmi gan-an ni mo ni ilé búrẹ́dì kan. Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín.

"She's lying, Miss!"

"My face is on it!" Mo ti dìde dúró, inú ń bí mi.

Miss kò rín. Wọ́n ní kí n lọ béèrè pé bí ọ̀rọ̀ ńlá bá dé, ta ló máa ń pinnu, kí n wá sọ èsì rẹ̀ fún kíláàsì.

Àsìkò tí mo lọ béèrè kò dára rárá. Bàbá kan wà ní Deptford, Alàgbà Kọ́láwọlé, tí wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ mélòó kan, tí wọ́n sì ń ra búrẹ́dì wa tà. Wọ́n fẹ́ ra ilé búrẹ́dì náà tòun torúkọ. Mọ́mì fẹ́ gbà. Ẹ̀yìn ń dùn wọ́n nítorí àpò ìyẹ̀fun tí wọ́n ń gbé, dókítà sì ti ní kí wọ́n yé gbé e. "Ìlera loògùn ọrọ̀" ni wọ́n ń tẹnu mọ́ lójoojúmọ́. Àǹtí Múlíkà kọ̀ jálẹ̀. Ìyàwó Bọ̀dá Ráṣídì sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ní Nunhead, gbogbo wa sì mọ̀ pé bàbá Deptford máa kó òṣìṣẹ́ tiwọn wá. Àwọn obìnrin méjì tó máa ń fi ẹ̀rín po ìyẹ̀fun wá ń kí ara wọn bí ẹni tó pàdé ní ibùdókọ̀. Ìyẹn dùn mí ju ẹ̀rín kíláàsì lọ.

Ibi tí Àǹtí Múlíkà ti ń fọ páànù ni mo ti bi wọ́n pé ta ló ni ilé búrẹ́dì. Wọ́n nu ọwọ́ wọn.

"Abẹ́ afárá yìí, landlord ló ni ín, a ò tiẹ̀ rí ojú ẹ̀ rí. Ààrò, a rent ẹ̀ ni. Ìyókù, èmi àti Mummy ẹ la ni ín, half-half. Ìdí nìyẹn tí ẹnì kankan nínú wa ò fi lè dá a tà."

"Kí ni ìyókù, Aunty?"

Wọ́n rò ó díẹ̀. "Iṣẹ́ ọwọ́ wa, àwọn customer, àti orúkọ ẹ."

Orúkọ mi wà lára ohun tí wọ́n fẹ́ tà! Mo rò pé bí bàbá náà bá fi lè rà á, ó di dandan kí wọ́n wá orúkọ mìíràn tí wọn á máa pè mí nílé. Ẹ̀rù bà mí gidigidi, mi ò sì lè sọ fún ẹnikẹ́ni.

Bàbá náà wá lọ́sàn-án Sátidé láti gbọ́ èsì. Mọ́mì gbé àga fún wọn láàárín àwọn àpò ìyẹ̀fun, wọ́n ní kí n gbé ìgò máàtì kan wá. Mo kúnlẹ̀, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún àlejò wa. Ojú wọn tàn.

"Ọmọ ara búrẹ́dì rèé! Àṣàkẹ́, mo fẹ́ ra búrẹ́dì ẹ o. Ṣé wàá tà á fún mi?"

Eré ni wọ́n ń bá mi ṣe. Èmi kò mọ̀ pé eré ni. Orí ìkúnlẹ̀ yẹn náà ni mo ti dá wọn lóhùn: "Ẹ má bínú, sà. Mi ò tà á. It's not for sale."

"Àṣàkẹ́!" Ojú ti Mọ́mì, wọ́n sì ti gbé ọwọ́ sókè. Ọmọ kì í dá sí ọ̀rọ̀ àgbà, kí a má tíì wá sọ ọ̀rọ̀ òwò. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín ti pa Àǹtí Múlíkà débi pé wọ́n di ògiri mú. "Ọlọ́jà ti sọ̀rọ̀! Mummy Àṣàkẹ́, ṣẹ́ ẹ gbọ́?" Mọ́mì gbìyànjú láti le ojú, kò ṣeé ṣe, ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu àwọn náà. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ ẹ̀rín àwọn méjèèjì pa pọ̀.

Alàgbà Kọ́láwọlé nìkan ni kò rín. Wọ́n gbé máàtì sílẹ̀. "Ṣé orúkọ ẹ̀ gan-an nìyí? Mo rò pé ẹ kàn mú un láti fi tajà ni."

"Oríkì tí ìyá mi sọ ọ́ ni, sà," ni Mọ́mì dáhùn.

Bàbá náà mi orí. "Ha. Mo lè gba ibí yìí, madam. Mo lè ra gbogbo páànù tó wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n oríkì ọmọ, tí ọmọ fúnra ẹ̀ wà lórí ìkúnlẹ̀ tó ní òun ò tà? Èmi náà bímọ. Mi ò lè gbé e lọ."

Mọ́mì ní wọ́n lè fi orúkọ mìíràn sí i. Ìgbà yẹn ni bàbá náà wá rẹ́rìn-ín. "Ta ló máa rà á ní Deptford? Àṣàkẹ́ ni wọ́n ń béèrè." Wọ́n súre fún mi, wọ́n ní kí búrẹ́dì tiwọn ṣì máa bọ̀ bó ṣe ń bọ̀, wọ́n sì bá tiwọn lọ.

Ìrora ẹ̀yìn kò bá wọn lọ. Mọ́mì jókòó sórí àpò ìyẹ̀fun kan, omi lé ròrò sí wọn lójú. "Múlíkà, ó ti rẹ̀ mí."

Àǹtí jókòó tì wọ́n. "Kí ló dé tẹ́ ò ti sọ bẹ́ẹ̀? Títà lẹ ń sọ látìgbà yìí. Ẹ ò sọ pé ó rẹ̀ yín."

Ibẹ̀ ni wọ́n jókòó sí títí wọ́n fi rí ọ̀nà àbáyọ. Wọ́n ní kí Bọ̀dá Ráṣídì wá di ẹnì kẹta nínú àwọn tó ni òwò, kí àpò gbígbé kúrò lọ́wọ́ Mọ́mì pátápátá, kí wọ́n máa gba fóònù, kí wọ́n sì máa dá oníbàárà lóhùn, èyí tí ẹnu wọn ti dùn fún tẹ́lẹ̀. "Bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, á di ọṣẹ," ni Mọ́mì wí. Bọ̀dá Ráṣídì tún dọ̀bálẹ̀, àmọ́ kò sí ẹni tó rò pé eré ni lọ́tẹ̀ yìí.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, mo dìde ní kíláàsì, mo ní èmi kọ́ ni mo ni ilé búrẹ́dì, àwọn àgbà mẹ́ta ni, orúkọ nìkan ni tèmi níbẹ̀. Miss ní orúkọ kì í ṣe nǹkan kékeré nínú òwò. Ó dùn mí díẹ̀ pé èmi kì í ṣe ọ̀gá mọ́, ṣùgbọ́n ilé wa ti pa dà tù, mo sì ń fò bí mo ṣe ń lọ sílé.

Nísinsìnyí, Mọ́mì ti fẹ̀yìn tì, wọ́n sì ti fa ìpín wọn lé mi lọ́wọ́. Mo ti di ọ̀kan lára àwọn tó ni ilé búrẹ́dì lóòótọ́. Mo tún ń kọ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ dá òwò sílẹ̀ ní gbọ̀ngàn kan ní àdúgbò wa. Mo mọ àdéhùn, mo mọ owó-orí, mo sì mọ gbogbo ìdí tó fi yẹ kí ènìyàn farabalẹ̀ kó tó fèsì. Ìgbé ayé náà tù mí lára, mi ò ní purọ́. Láìpẹ́ yìí ni iléeṣẹ́ ńlá kan pè pé àwọn fẹ́ rà wá. Àǹtí Múlíkà àti Bọ̀dá Ráṣídì ní àwọn kò fẹ́ tà, ṣùgbọ́n èmi ni ọjọ́ iwájú pọ̀ níwájú mi jù, ohun tí mo bá sọ làwọn máa tẹ̀ lé. Ojoojúmọ́ ni mò ń gbé e yẹ̀ wò. Mọ́mì bi mí nígbà tí mo lọ kí wọn.

"Kí lo sọ fún wọn?"

"Mo ní màá rò ó, mà."

Wọ́n wò mí, wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́. "Nígbà tó ò ní nǹkan kan níbẹ̀, o ò rò ó."

Ibẹ̀ náà ni mo ti mú fóònù mi jáde, mo pe iléeṣẹ́ náà, mo ní: "Ẹ má bínú. A ò tà á. It's not for sale."