Ajá Méjì Tó Kọ́ Dídákẹ́

"Ṣé ajá lẹ ń sìn lókè yẹn ni àbí ẹṣin? Ẹ dákun, ẹ sọ fún mi, kí n lè mọ ohun tó máa pa mí."

Ìyá Onílé ló ń sọ̀rọ̀. Imú lèèyàn gbọ́dọ̀ fi sọ ọ́ kó tó jọ tiwọn, torí imú ni màmá àgbà tí mò ń bá gbé nísàlẹ̀ fi ń jà. Wọ́n á fa ìbòmú wọn wálẹ̀ sí àgbọ̀n kí ọ̀rọ̀ lè ráyè jáde, bí ọ̀rọ̀ bá ti jáde tán, wọ́n á tún fà á sókè kí àrùn má bàa ráyè wọlé. Ìdí àtẹ̀gùn ni wọ́n dúró sí, wọ́n di irin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mú. Wọn ò gòkè, wọ́n ní àrùn lè wà lókè. Bàbá Alájá dúró lókè lọ́hùn-ún, ajá kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Òun náà ò sọ̀ kalẹ̀, ó ní àrùn lè wà nísàlẹ̀. Báyìí ni wọ́n ṣe ń pariwo mọ́ra wọn bí ará oko méjì tí odò wà láàárín wọn.

"Ajá ni, Màmá," ó dáhùn. "Ìrìn ni wọ́n ń rìn."

"Ìrìn. Láti yàrá sí pálọ̀, láti pálọ̀ sí yàrá. Kí lẹ gbàgbé síbẹ̀ tẹ́ ẹ ń padà lọ mú láti àárọ̀?"

"Iṣẹ́ ni, Màmá. Bí wọn ò bá rìn, wọ́n á bàjẹ́."

"Èmi ni mo máa kọ́kọ́ bàjẹ́. Orí mi ni wọ́n ń rìn lé. Tí wọ́n bá tún gbó lọ́la bí wọ́n ṣe gbó lónìí, kí ìwọ àti àwọn ọmọ rẹ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin wá ibòmíì gbà lọ. Kónílé-ó-gbélé ni ìjọba wí. Wọn ò ní kí ajá gba ilé mi."

Bí Ìyá Onílé bá ti kúrò lórí "ẹ" tí wọ́n bọ́ sórí "ìwọ", àwàdà ti tán nìyẹn. Bàbá Alájá mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, àwọn ajá náà sì dùbúlẹ̀ tì í, bí ẹni pé gbogbo wọn ni wọ́n jọ ń bẹ̀bẹ̀.

Kì í ṣe ọlọ́sìn ajá o. Ẹ̀ṣọ́ ni, ẹ̀ṣọ́ tó ń fi ajá ṣọ́ ilé ìkẹ́rùsí ńlá kan lẹ́yìn ojú irin. Iṣẹ́ rẹ̀ ò ju kó mú ajá méjì dání, kó máa bá ògiri ilé náà lọ, kó yí i ká, kó tún bẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ ló ti di àgbà. Nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn dé tí wọ́n ti ilé iṣẹ́ pa, máníjà pè é lórí fóònù. Máníjà yìí máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí omi gbígbóná wà lẹ́nu rẹ̀, tí kò fẹ́ tu ú, tí kò sì lè gbé e mì: "Bàbá, ẹ... ẹ mú àwọn ajá yẹn lọ sílé yín. Kò sẹ́ni tó máa bọ́ wọn níbí. Ọjọ́ tá a bá ṣí, a máa dán gbogbo ajá wò. Èyí tó bá ṣì mọ iṣẹ́, òun àti ẹni tó ń mú un ló máa wọlé. Èyí tí kò bá mọ̀ ọ́n mọ́... ẹ ṣáà mọ̀. Ajá ilé iṣẹ́ ni wọ́n, kì í ṣe tiyín."

Ohun tó mú kí Bàbá Alájá máa rìn nìyẹn. Tí àwọn ajá bá sanra, tí ara wọn bá wú, tí wọ́n bá gbàgbé iṣẹ́, ó máa pàdánù iṣẹ́, ó sì máa pàdánù wọn. Èyí tó kẹ́yìn yẹn ló ń bà á lẹ́rù jù.

Alága ni orúkọ èyí ẹ̀gbọ́n. Irun ẹnu rẹ̀ ti funfun. Ó máa ń rìn bí ẹni tí wọ́n ń dúró dè ní ìpàdé, kì í sì í gbó láìkọ́kọ́ wo ọ̀tún wo òsì. Ìyá rẹ̀ kú nígbà tó ṣì kéré, inú kóòtù Bàbá Alájá ló dàgbà sí, wàrà tí wọ́n ń fi àkísà fún sí i lẹ́nu ló fi yè. Akọ̀wé ni àbúrò, abo ni. Bí Alága bá gbó lẹ́ẹ̀kan péré, Akọ̀wé á gbó ọ, á tún un gbó, á tún tún un gbó, bí ẹni tó ń kọ ọ̀rọ̀ alága sílẹ̀ kí ó má bàa sọnù.

Níbẹ̀rẹ̀, Bàbá Alájá gbìyànjú láti mú wọn jáde. Kò tíì dé ìkóríta tí àwọn tó wọ aṣọ ìjọba fi dá a padà. "Bàbá, ṣé ẹ ò gbọ́ ni?" Ó ní òun gbọ́, àwọn ajá ni ò gbọ́. Wọn ò rẹ́rìn-ín.

Ló bá padà sílé, ó ti àga mọ́ ògiri, ó gbé tábìlì nàró sí kọ̀rọ̀, ó sì la ọ̀nà láti ojú fèrèsé yàrá wá sí ẹnu ilẹ̀kùn pálọ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ń gbà lọ, ibẹ̀ ni wọ́n ń gbà bọ̀. Kí ẹsẹ̀ wọn má bàa máa dún, ó fa tìmùtìmù orí bẹ́ẹ̀dì wọn sílẹ̀, ó gé e tẹ́ sójú ọ̀nà. Òun àtìyàwó rẹ̀ ń sùn lórí pákó lásán.

Ìyàwó rẹ̀, Ìyá Télọ̀, gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà yẹn gan-an, torí ibẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ wà. Ìbòmú ló ń rán látinú àjákù aṣọ. Gbogbo ìgbà tí àwọn ajá bá kọjá, ìrù wọn á gbá àjákù aṣọ wálẹ̀.

"Ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ṣé ẹ ò rí i pé èèyàn ń ṣiṣẹ́ ni?"

"Àwa náà ń ṣiṣẹ́."

"Iṣẹ́ tiyín nírun. Ẹ wo ara ìbòmú yìí. Ẹni tó bá fi èyí bo imú, ó máa sín títí wọ́n á fi wá gbé e lọ."

Bàbá Alájá rẹ́rìn-ín, ó sì bá a ṣa irun kúrò. Ọmọ wọn kan ṣoṣo ti relé ọkọ nílùú míì, kò ráyè wá, ẹ̀rín kì í sì í pọ̀ nílé náà. Àwọn ajá ló ń fa èyí tó bá wà.

Lẹ́yìn ìjà orí àtẹ̀gùn yẹn, Bàbá Alájá mọ̀ pé gbígbó ló máa lé wọn jáde. Ibo ló fẹ́ mú ajá méjì lọ nígbà tí gbogbo ilẹ̀kùn ìlú wà ní títì? Ló bá ṣe ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe jù láyé. Ó kọ́ wọn. Bí ẹnì kan bá kanlẹ̀kùn, bí ẹsẹ̀ bá dún lórí àtẹ̀gùn, bí ẹnikẹ́ni bá wúkọ́, tí etí ajá sì dìde, á fi ìka kan ètè, á sọ pé "jẹ́ẹ́", á sì fi ẹ̀rún bisikíìtì sí wọn lẹ́nu. Kò lù wọ́n rí. Ó gbà pé ajá tí wọ́n fi ẹgba kọ́, ẹgba ló máa mọ̀, kò ní mọ iṣẹ́.

Ajá ọ̀hún mọ̀wé. Kò pẹ́ tí Akọ̀wé fi jẹ́ pé bó bá gbọ́ kó-kó-kó lẹ́nu ilẹ̀kùn, á dùbúlẹ̀, á gbé àgbọ̀n lélẹ̀, á wá tẹjú mọ́ àpò ṣòkòtò Bàbá Alájá. Alága á kọ́kọ́ wo ọ̀tún wo òsì, lẹ́yìn náà òun náà á dùbúlẹ̀. Ilé parọ́rọ́. Ìyá Onílé sọ fún gbogbo ẹni tó bá gba ojú fèrèsé kọjá pé ẹ̀mí àwọn ti balẹ̀, wọ́n ní àwọn ò mọ ohun tí ọkùnrin yẹn ṣe, àmọ́ kí Ọlọ́run bá àwọn dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìyá Télọ̀ nìkan ni ara ò tù. Ó dá ẹ̀rọ dúró lọ́jọ́ kan.

"Bàbá Alájá, ajá ẹ̀ṣọ́ tí kò gbó mọ́, kí là ń pè é?"

"À ń pè é ní ajá tó níbi tó ń sùn."

"Ẹ má fi ọ̀rọ̀ mi ṣeré. Ọjọ́ tí wọ́n bá ṣí ńkọ́?"

"Wọ́n mọ ilé, wọ́n mọ ibi iṣẹ́. Ìwọ kì í pariwo nílé, ṣé o kì í pariwo lójà ni? Jẹ́ kí wọ́n ṣáà fojú kan ògiri yẹn. Ẹnu wọn á là."

Ohun tó gbà gbọ́ nìyẹn tọkàntọkàn. Àwọn tó ń fi ajá ṣiṣẹ́ máa ń sọ pé ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ ni egungun, pé èyí tó bá tẹ̀ lé e, awọ lásán ni. Ó ti sọ ọ́ fún ọ̀pọ̀ ẹ̀ṣọ́ tó kọ́ níṣẹ́.

Wọ́n ń rìn lọ. Ìgboro dákẹ́. Ọkọ̀ tó ń gbé aláìsàn a máa kọjá, kì í fọn fèrè mọ́, torí kò sẹ́ni tó wà lọ́nà tó máa fọn ọ́n fún. Wọ́n gbé ọkùnrin ilé ọ̀ọ́kán lọ, aṣọ rẹ̀ wà lórí okùn títí òjò fi pa á tí oòrùn sì sá a, kò sẹ́ni tó ká a. Nígbà tó yá, wọ́n pe Bàbá Alájá pé ẹnì kejì rẹ̀ níbi iṣẹ́, ẹni tó máa ń ti òdìkejì ògiri wá pàdé rẹ̀ tí wọ́n á tọrọ iná sìgá lọ́wọ́ ara wọn, ti kú. Wọ́n ti sin ín. Kò sẹ́ni tí wọ́n jẹ́ kó débẹ̀. Bàbá Alájá so okùn mọ́ àwọn ajá lọ́rùn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, fèrèsé sí ilẹ̀kùn, ilẹ̀kùn sí fèrèsé, kò jẹun, kò mumi, títí Alága fi dùbúlẹ̀ sáàárín ọ̀nà tó kọ̀ jálẹ̀. Ìyá Télọ̀ gba okùn lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, "Ó tó. Ẹ jókòó." Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó gbórí lé ẹ̀yìn ajá.

Wọ́n ṣí ilé iṣẹ́. Máníjà pè. Bàbá Alájá wẹ àwọn ajá, ó ya irun wọn, ó nu bẹ́líìtì iṣẹ́ rẹ̀ títí ó fi ń dán. Ìyá Télọ̀ yọ ìbòmú tuntun fún un, ó gbọ̀n ọ́n dáadáa kí irun má bàa wà lára rẹ̀.

Ọ̀sán gangan ni wọ́n dán wọn wò. Àwọn ẹ̀ṣọ́ tó kù fara ti ọkọ̀ tó wà lágbàlá, wọ́n jìnnà síra wọn. Ajá tiwọn ti yege. Ó kan Bàbá Alájá. Máníjà ní kó bá ògiri lọ títí dé igun, kó padà wá.

Wọ́n gbéra. Ìrìn náà wuyì. Alága gbórí sókè bí ẹni ń lọ ṣí ìpàdé. Ṣùgbọ́n wọn ò tíì jìnnà rárá tí Alága fi yíjú padà lójijì, níbi tí kò sí nǹkan kan, ògiri ṣì wà níwájú lọ rẹrẹ. Akọ̀wé yí tẹ̀ lé e. Bàbá Alájá náà ti yí, kó tó mọ̀ pé òun yí. Gígùn pálọ̀ àti yàrá wọn ni wọ́n rìn, kò lé, kò dín. Ó tún mú wọn gbéra, wọ́n tún yí. Ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀ṣọ́ rẹ́rìn-ín, ó wá fi ikọ́ bò ó mọ́lẹ̀, àwọn tó kù sún kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀.

"Ó dáa," ni máníjà wí. "Ẹ jẹ́ ká wo ti olè."

Ọkùnrin kan tó ti fi aṣọ nínípọn wé apá fo ògiri wọlé, ó ń pariwo, ó ń fi igi halẹ̀. Ajá míì ì bá ti fa okùn já. Alága wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó sì dùbúlẹ̀. Akọ̀wé gbé àgbọ̀n lélẹ̀, ó tẹjú mọ́ àpò Bàbá Alájá.

"Alága, mú un. Mú un. Alága." Ohùn rẹ̀ ń lọ sókè. Àwọn ajá ń wò ó, inú wọn ń dùn, wọ́n gbà pé àwọn ń ṣe dáadáa.

Ni Bàbá Alájá bá kúnlẹ̀ sáàárín wọn, ó kọjú sí olè, òun fúnra rẹ̀ wá ń gbó. Ó gbó bí Alága ṣe ń gbó tẹ́lẹ̀, lẹ́ẹ̀kan, ó sinmi. Ó gbó bí Akọ̀wé, léraléra. Èmi tí mò ń fi gbogbo èèyàn ṣẹ̀sín, mi ò jẹ́ sín èyí jẹ. Ọkùnrin aláṣọ nínípọn rọ igi sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Akọ̀wé lá a létí.

"Ó ti tó, Bàbá," ni máníjà sọ. Ó wo bàtà rẹ̀. "Èyí abo máa lọ sí ẹ̀ka wa kejì, bóyá wọ́n á rí i tún kọ́. Èyí akọ... ó ti dàgbà. Dókítà ajá máa rí sí i, kò ní jẹ́ kó jìyà."

"Ẹ jẹ́ kí n mú Alága lọ sílé."

"Òfin ò gbà á. Ajá tí wọ́n ti kọ́ láti bu èèyàn jẹ ò gbọ́dọ̀ gbé láàárín ilé."

"Àárín ilé ló ti ń bọ̀ yìí. Ẹ sì ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé kò lè bu ẹnikẹ́ni jẹ."

"Òfin ni, Bàbá. Ẹ má bínú."

Àwọn ajá kọ̀, wọn ò wọ ọkọ̀ fún awakọ̀ tó fẹ́ gbé wọn lọ. Ó fà wọ́n títí, ló bá wo Bàbá Alájá. Òun náà ló wá bá wọn sọ̀rọ̀, ó fi ọwọ́ gbá ilẹ̀ inú ọkọ̀ jẹ́jẹ́, wọ́n sì fò wọlé. Ó pín ẹ̀rún bisikíìtì tó kù nínú àpò rẹ̀ fún wọn lọ́gbọọgba. Wọ́n ti ilẹ̀kùn, ọkọ̀ gbéra. Èèyàn á retí pé kí wọ́n ké. Wọn ò ké. Ó ti kọ́ wọn dáadáa.

Ẹsẹ̀ ló fi rìn wálé. Nígbà tí Ìyá Télọ̀ rí okùn lásán lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ. Kò sọ pé "mo sọ fún yín". Ó ní, "Ṣé wọ́n fún wọn lómi?" Bàbá Alájá ní òun ò mọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ká tìmùtìmù nílẹ̀, ó fẹ́ tò ó padà sórí bẹ́ẹ̀dì. Àárín rẹ̀ ti tẹ́ pẹrẹsẹ. Ó ń fi ọwọ́ gbá a kó lè wú, kò wú.

"Ẹ fi í sílẹ̀ fún tòní," ni ìyàwó rẹ̀ sọ.

"Ẹ̀yìn ń dùn ọ́. Pákó lò ń sùn lé."

"Mo ti mọ́ ọn lára. Ẹ fi í sílẹ̀."

Kò fi í sílẹ̀. Ó ṣì ń gbá a, à ń gbọ́ ọ nísàlẹ̀ níbí, gbì, gbì. Màmá àgbà náà ń gbọ́ ọ, wọ́n gbé ojú sókè wo àjà, wọn ò pariwo. Ilé ìdáná ni wọ́n wọ̀ lọ. Wọ́n ti ń pè mí báyìí, wọ́n ní kí n tètè wá gba abọ́ oúnjẹ lọ́wọ́ àwọn, kí n gbé e gòkè kó tó tutù, kí n má sì sọ nǹkan kan bí mo bá débẹ̀.