Ṣọ́ọ̀ṣì Sìkọ́tílándì Tó Wà Lọ́nà Ìjagun

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jókòó ná, kí n ròyìn bí ìgbéyàwó mi ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìjà láàárín èmi àti ìyá àgbà tó tọ́ mi dàgbà. Kì í ṣe ọkọ ni wọn ò fẹ́ o! Wọ́n fẹ́ràn Ṣẹ́gun ju èmi gan-an lọ. Ṣọ́ọ̀ṣì ni wọn ò fẹ́.

Láàárín àwọn ọdún 1980 ni, ìgbà tí à ń tò lórí ìlà nítorí agolo mílíìkì, tí sìmẹ́ǹtì sì wọ́n bí ojú. Mo ń ṣe tíṣà ní Ìjẹ̀bú-Imúṣin, Ṣẹ́gun wà ní báǹkì ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ìjì ti ṣí òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì wa, inú kíláàsì ilé-ìwé la ti ń ṣe ìsìn. Ẹ gbà mí o, ta ló fẹ́ gba òrùka níwájú pátákó tí wọ́n kọ ìṣirò sí?

Ibẹ̀ ni Bàbá Injinníà ti dá sí i. Ẹ̀gbọ́n bàbá Ṣẹ́gun ni wọ́n. Wọ́n ní ká wá lo ṣọ́ọ̀ṣì tiwọn, èyí tí wọ́n fọwọ́ ara wọn kọ́.

Tí ẹ bá gba ọ̀nà Ìjagun kọjá nígbà yẹn, ẹ ò lè ṣàì rí i. Ṣọ́ọ̀ṣì kékeré, olókùúta, tí òrùlé rẹ̀ ga ṣóńṣó, tí ilẹ̀kùn rẹ̀ sì kúrú débi pé ẹni tó bá ga gbọ́dọ̀ tẹrí ba kó tó wọlé. Wọ́n ní bí ọ̀kan ṣe rí ní abúlé kan ní Sìkọ́tílándì nìyẹn gẹ́lẹ́, níbi tí Bàbá ti kọ́ iṣẹ́ afárá. Ẹ wo fèrèsé aláwọ̀ mèremère! Tí oòrùn àárọ̀ bá kọjá níbẹ̀, ilẹ̀ inú ilé á pupa, á tún di àwọ̀ ewé. Ó máa ń wù mí ṣáá. Àwọn ará ìlú ní òyìnbó ló wọ Bàbá lára, èmi náà sì rò bẹ́ẹ̀.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé inú ọgbà ìrántí ló wà. Òkú èèyàn ló yí i ká, wọ́n sùn sábẹ́ òdòdó.

Bí mo ṣe dé Ìbẹfun tí mo sọ ọ́ fún ìyá àgbà, wọ́n gbé agbada gaàrí kalẹ̀. Ìjẹ̀bú paraku ni wọ́n fi dá mi lóhùn, mo kàn ń tú u fún yín ni. Wọ́n bi mí pé ṣé àárín òkú ni wọn yóò ti ṣe àdúrà pé ẹ̀yìn ìyàwó ò ní mẹní? Wọ́n ní tó bá jẹ́ ibẹ̀ ni, kí n bá wọn kí ọkọ mi, Ìbẹfun ni wọ́n máa wà.

Ẹ ò mọ bó ṣe dùn mí tó! Ìyá mi ti kú kí n tó mọ ojú wọn. Tí ìyá àgbà ò bá gbé ọwọ́ lé mi lórí lọ́jọ́ náà, ta ni yóò gbé e lé mi? Mo sunkún títí ojú mi fi wú.

Ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ mí, ẹnu mi kì í gbélé. Mo kúnlẹ̀ o, mo sì sọ ọ́: mo ní ṣebí Bàbá Àgbà wà lábẹ́ sìmẹ́ǹtì pálọ̀ wa yìí, tí a sì ń jẹ ìrẹsì Kérésì lórí wọn lọ́dọọdún? Kí ló dé tí òkú ti wá ń bà wá lẹ́rù?

Ìyá àgbà pòṣé. “Bàbá rẹ nìyẹn, Àṣàkẹ́! Ó mọ̀ wá, a mọ̀ ọ́n. Àwọn tí wọ́n sin síta sínú òdòdó yẹn, ta ló ni wọ́n? Ẹni tó lọ́mọ, tó nílé, inú ilé rẹ̀ ni wọ́n ń sin ín sí.”

Lójú tiwọn, ọ̀rọ̀ ti parí. Mo lọ bá Bàbá Injinníà pé ká kúkú lo kíláàsì. Bàbá ò bínú. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí n ṣáà mú ìyá wá kí àwọn jọ jẹun, àwọn ò ní fi dandan mú ẹnikẹ́ni.

Ìyá àgbà kò lè kọ ìpè àna. Wọ́n wọ aṣọ òkè wọn, wọ́n wé gèlè, èmi àti Ṣẹ́gun mú wọn lọ, wọ́n sì dúró gbagidi lẹ́nu géètì ọgbà náà. Wọn ò ní wọlé! Bàbá Injinníà fúnra wọn ló jáde wá. Pẹ̀lú irun funfun, pẹ̀lú ṣòkòtò òyìnbó, wọ́n dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí yẹ̀pẹ̀ fún ìyá àgbà. Ojú ìyá àgbà rọ̀ díẹ̀.

Wọ́n gbójú sókè, wọ́n béèrè irú òrùlé wo nìyí. Bàbá ní kí yìnyín lè máa yọ̀ kúrò lórí rẹ̀ ni. Yìnyín, ní Ìjagun! Ìyá àgbà ò fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ló bọ́ lẹ́nu wọn. Wọ́n wá bi Bàbá lójúkojú pé kí ló dé tí èèyàn gidi bíi tiwọn fi kọ́lé fún òkú àwọn àjèjì.

Ohùn Bàbá lọ sílẹ̀.

Wọ́n ní Àbẹ̀kẹ́ ni ìyàwó àwọn, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, tó wá bá àwọn ní Sìkọ́tílándì. Òtútù ló pa á lọ́hùn-ún. Kò sówó, kò sọ́nà, àwọn ò lè gbé òkú rẹ̀ wálé. Àwọn ará abúlé náà ló fún un ní ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì kékeré wọn, níbi tó ti ń gbàdúrà. Gbogbo ọjọ́ ìsinmi ni Bàbá máa ń lọ jókòó tì í. Nígbà tí wọ́n ń bọ̀ wálé, wọ́n fi okùn wọn ṣọ́ọ̀ṣì náà, ògiri dé ògiri, wọ́n ń ta kókó síbi tí igun bá wà, wọ́n sì ká okùn náà wálé.

“Mi ò lè gbé Àbẹ̀kẹ́ wá, Ìyá. Mo bá gbé ilé tó mọ̀ wá fún un.”

Ó tán? Kò tán! Irun àti èékánná Àbẹ̀kẹ́ tí wọ́n gé kí wọ́n tó kan pósí pa, bí a ti ń ṣe fún ẹni tó kú sájò, abẹ́ ilẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì náà ni wọ́n sin ín sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Àwọn ẹgbẹ́ wọn, régbérégbé wọn, ló bá wọn ru òkúta. Nígbà tí ọ̀kan nínú wọn fẹ́ kú, ó ní ibẹ̀ ni kí wọ́n sin òun sí, lójú iṣẹ́ ọwọ́ òun. Bí ọgbà náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Àjèjì kankan ò sí níbẹ̀.

Mo wo Ṣẹ́gun, Ṣẹ́gun wò mí. Òun tó jẹ́ ọmọ wọn, kò gbọ́ ọ rí! Ìfẹ́ tó tó báyìí, tí a sì ń fi ṣẹ̀fẹ̀!

Ìyá àgbà bọ́ bàtà. Wọ́n tẹrí ba, wọ́n wọ ẹnu ọ̀nà kúkúrú yẹn, wọ́n béèrè pé ibo gan-an ni. Bàbá nawọ́ síbẹ̀. Ìyá àgbà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n fọwọ́ kan òkúta náà.

“Àbẹ̀kẹ́, o kúulé o. Má bínú, n kò mọ̀ pé o wà nílé.”

Wọ́n wá kọjú sí Bàbá, wọ́n bá wọn wí pé kí ló dé tí wọn ò ti tètè sọ pé pálọ̀ ni ibí yìí!

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, ìyá àgbà ti débẹ̀ ṣáájú èmi ìyàwó. Wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà bí ọlọ́pàá. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ wọlé, wọ́n á ní kó kọ́kọ́ kí onílé. Ọ̀rẹ́ mi, kò sẹ́ni tí kò kí i! Àna, ará báǹkì, àwọn tíṣà Imúṣin, títí dórí àlùfáà tó fẹ́ so wá pọ̀. Bí kálukú ṣe ń tẹrí ba wọlé ni wọ́n ń wí i: “Àbẹ̀kẹ́, ẹ kúulé o.”

Bàbá Injinníà jókòó lórí àga iwájú, wọn ò lè wẹ̀yìn. Láti ìgbà tí wọ́n ti kọ́ ilé náà, ẹnikẹ́ni ò tíì kí ìyàwó wọn rí.

Wọ́n ṣe àdúrà ẹ̀yìn ìyàwó fún mi níbẹ̀, ó sì gbà, ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn ọmọ mi! Láti ìgbà náà, tí mo bá rí ilé tí ó ṣàjèjì lójú mi, mi kì í rẹ́rìn-ín mọ́. Mo máa ń kọ́kọ́ béèrè ẹni tó ń gbé ibẹ̀.

Ẹ̀yin náà ńkọ́? Ilé wo ni ẹ ti fi ṣẹ̀fẹ̀ rí kí ẹ tó gbọ́ ìtàn rẹ̀? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí. Ẹ sì má gbàgbé orúkọ onílé o, ká lè bá yín kí i.