Ẹ̀jẹ̀ Tí A Gbà ní Ọ̀fìkì

A ò tíì jìnnà sí Ọ̀fìkì lọ́sàn-án ọjọ́ náà tí a fi rí i pé wọ́n ti wọ́ igi dí ọ̀nà. Dẹ́rẹ́bà tẹ búréèkì. Àwọn ọkùnrin kan jáde láti inú oko àgbàdo, wọ́n mú àdá lọ́wọ́. Àdá oko ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ń bọ̀.

Èmi ni mo jókòó síwájú. Ilé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ní ọsibítù kan ní Ṣakí ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Òyìnbó obìnrin kan jókòó lẹ́yìn mi, ó gbé kúlà tí a kó ẹ̀jẹ̀ sí lé itan. Yunifásítì wọn lókè òkun ló ń bá ọsibítù wa ṣèwádìí lórí ibà àwọn ọmọdé, òun ló sì ń darí iṣẹ́ náà. Gbogbo àárọ̀ la fi gba ẹ̀jẹ̀ lára àwọn ọmọdé Ọ̀fìkì.

"Kí ni wọ́n ń fẹ́?" ló bi mí ní Gẹ̀ẹ́sì.

"Ẹ má tíì sọ̀kalẹ̀."

Mo sọ̀kalẹ̀, mo kúnlẹ̀ kí wọn. Ọ̀kan ṣoṣo ló dáhùn. Mo mọ̀ ọ́n: bàbá ọmọdébìnrin tí ara rẹ̀ gbóná jù láàárọ̀ ni.

"Wọ́n ní ẹ ń tà á. Ẹ gbé ẹ̀jẹ̀ ọmọ mi jáde nínú ọkọ̀ yẹn."

"Bàbá, a kì í tà á. Àìsàn tó wà nínú rẹ̀ la fẹ́ wò."

"Ta ló rí i? Ọmọ Òkè-Ògùn ni ìwọ náà. Wọ́n kàn fi ọ́ bojú ni. Tí wọ́n bá rí tiwọn gbà tán, wọ́n á lọ."

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí, torí èmi náà ti rò ó rí. Àwa là ń gba ẹ̀jẹ̀, àwọn ni wọ́n ń sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ fún wa. N kò bá ẹnikẹ́ni gbìmọ̀ kí n tó sọ pé, "Ẹ yan ẹnì kan kó bá wa lọ. Kó fojú ara rẹ̀ rí ibi tí à ń gbé e lọ."

Wọ́n fa ọ̀rọ̀ náà títí. Ìyá ọmọ náà ló ti ìlú wá bá wa níkẹyìn, ó pọn ọmọ. Ó wọ ọkọ̀ láìwo ojú ọkọ rẹ̀. Wọ́n wọ́ igi kúrò lọ́nà.

A dé Ṣakí, a wọ ilé àyẹ̀wò. Mo kán ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà sórí gíláàsì pẹlẹbẹ, mo fi aró kùn ún, mo gbé e sábẹ́ ẹ̀rọ tó ń sọ ohun tíńtín di ńlá. Kòkòrò ibà kún inú rẹ̀. Mo ní kí ìyá rẹ̀ wá wò ó.

"Àwọn tó dà bí òrùka yìí?"

"Àwọn ni."

Dókítà fún ọmọ náà lóògùn lójú ẹsẹ̀. Ìyá rẹ̀ kò kúrò nídìí kúlà. "Èyí tó kù nínú ike yìí ńkọ́? Níbo ló ń lọ?"

Òyìnbó kò gbọ́ Yorùbá. Ohunkóhun ni mo lè sọ.

"Òkè òkun ni. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń mọ̀ bóyá oògùn ṣì ń ran irú ibà yìí, kò sí níbí."

"Ṣé ẹ sọ fún wa?"

"A sọ ọ́, àmọ́ wàràwàrà la sọ ọ́. Àwọn ọmọ ń ké."

"N kò fẹ́ kí ti ọmọ mi lọ."

Mo sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, n kò yọ ohunkóhun kúrò níbẹ̀. Ojú òyìnbó pọ́n. Ó ní bí gbogbo wọn bá ń sọ bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ á dojú rú.

"Ọmọ tiwọn ni," ni mo wí. Ọ̀rọ̀ kan láti ẹnu rẹ̀ tó láti gbaṣẹ́ lọ́wọ́ mi.

Ó wo ọmọ tó ti sùn lẹ́yìn ìyá rẹ̀. Ó pẹ́ kó tó ṣí kúlà. Ó yọ ike náà, ó sì nà án sí ìyá ọmọ. Ìyá ọmọ gbé e fún mi. "Ìwọ ni kó o dà á nù." Mo dà á sínú omi apakòkòrò níṣojú rẹ̀.

N kò mọ ohun tí òyìnbó náà sọ fún àwọn èèyàn rẹ̀ nígbà tó padà délé. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ó ju ọdún kan lọ kí ẹ̀rọ tí kò sí lọ́dọ̀ wa yẹn tó dé Ṣakí, wọ́n sì mú mi lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń lò ó. Ó máa ń bàjẹ́. Iná náà kì í dúró. Àmọ́ àwa là ń rí ohun tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ wa kí ẹlòmíì tó rí i.

Nígbà tí a padà sí Ọ̀fìkì láti tún gba ẹ̀jẹ̀, iwájú mọ́ṣáláṣí ni mo ti ṣàlàyé ibi tí ẹ̀jẹ̀ ń lọ lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, díẹ̀díẹ̀, títí ìbéèrè fi tán. Àwọn kan mú ọmọ wọn, wọ́n lọ sílé. Ìyá ọmọdébìnrin náà dúró, ó ká apá aṣọ ọmọ rẹ̀ sókè. Bàbá rẹ̀ wà lókèèrè lábẹ́ igi èmì, ó ń wò wá. Kò dí wa lọ́wọ́, kò sì kí mi.