Ọmọ Awakọ̀ Katapílà

Ohùn rẹ̀ tí eruku ọ̀nà ti mú há ni mo máa ń rántí. Àgọ́ àwọn tó ń ṣe ọ̀nà Kàbbà ni òun àti bàbá rẹ̀, awakọ̀ katapílà, ń gbé. Kíláàsì tí mo ń kọ́ ló wà; ilé ìwé kẹfà rẹ̀ nìyẹn. Kì í béèrè orúkọ ẹnikẹ́ni, ó ní, "Ṣebí a ó tún lọ."

Ìdánwò àṣejáde ku oṣù kan nígbà tí iṣẹ́ sún sí ọ̀nà Ìsánlú. Ó wá bá mi nílé.

"Okun, mà," ó kí mi bí àwọn ará Kàbbà ṣe ń kí ni. "Ó ti rẹ̀ mí. Ẹ jẹ́ kí n dúró tì yín."

Mo lọ bẹ bàbá rẹ̀. Ó wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ títí, ó ní, "Ẹ bá mi tọ́jú rẹ̀."

Lọ́jọ́ tí bàbá rẹ̀ àti àwọn òṣìṣẹ́ ọ̀nà kó lọ, ọmọ náà sùn nílé mi láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Mi ò jí i.