Gílóòbù Tó Bá Ọ̀nà Haputale Mu

Yogeswari ló ń kó àwọn ọmọ iléèwé láti ilé àwọn òṣìṣẹ́ oko tíì lọ sí Haputale, ìlú orí òkè, òun náà ló sì ń kó wọn padà wálé lọ́sàn-án. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ fi owó bọ́ọ̀sì kékeré náà ránṣẹ́ láti Qatar, awakọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ gbà sí i. Èyí àkọ́kọ́ ń mutí, èkejì kì í tètè jí. Ni Yoge, bí wọ́n ṣe ń pè é, bá lọ kọ́ ọkọ̀ wíwà fúnra rẹ̀. Àwọn ará ilé ọkọ rẹ̀ ní obìnrin wo ló máa ń wakọ̀ lójú ọ̀nà òkè tó lọ́ bí ìfun àgùntàn. Ó ṣáà ń wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ. Nígbà tó yá, ìyá ọkọ rẹ̀ gan-an ló ń jókòó síwájú ọkọ̀ bó bá ń lọ sí ọsibítù.

Ohun tó máa ń dẹ́rù bà á ni kùrukùru. Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀san ló máa ń gòkè bọ̀ láti àfonífojì, á sì bo ọ̀nà mọ́lẹ̀ nígbà tí ilẹ̀ kò tíì ṣú rárá. Ìdí nìyẹn tí ọkàn rẹ̀ kò fi balẹ̀ nígbà tí gílóòbù iná iwájú ọkọ̀ náà lápá ọ̀tún jó.

Kugan, àbúrò ọkọ rẹ̀, ní kó fi ìyẹn sílẹ̀ fún òun. Kò sí iṣẹ́ tí Kugan kò mọ̀ lẹ́nu.

"Àǹtí, èyí tó funfun jù, tó tún lágbára jù, ni mo rà. Bẹ́ ẹ bá tàn án, àwọn ará etíkun á ní òṣùpá ti lé."

Ẹsẹ̀ gílóòbù náà kò bọ́ sí ihò rẹ̀ dáadáa. Kugan fi pílásì tẹ̀ ẹ́, ó tì í wọlé tipátipá, ó sì ju ti àtijọ́ nù.

Lọ́jọ́ kejì, kùrukùru dé. Yoge tan iná. Iná náà kò la ọ̀nà. Ńṣe ló ń ta padà sí i lójú, bí ẹni pé wọ́n sá aṣọ funfun síwájú ọkọ̀. Ó ń rìn bí ìgbín. Bó ṣe yọ sí kọ́nà ilé iṣẹ́ tíì báyìí, fèrè bọ́ọ̀sì ńlá kan dún níwájú rẹ̀. Àwọn méjèèjì tẹ bíréèkì. Díẹ̀ ló kù kí imú ọkọ̀ méjèèjì kan ara wọn. Àwọn ọmọ rọ̀ mọ́ àga iwájú wọn.

Awakọ̀ bọ́ọ̀sì náà sọ̀ kalẹ̀. Somapala ni, ọkùnrin àgbà tó ti ń ná ọ̀nà yẹn láti ìgbà tí Yoge ṣì ń fẹsẹ̀ rìn lọ síléèwé. Yoge ti múra sílẹ̀ de èébú.

"Ṣé kò sí ọmọ tó fara pa?"

"Kò sí, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

"N ò ríran rárá, àbúrò mi. Ojú mi ni iná ẹ ń wò, kò wo títì. Ta ló fi eléyìí síbẹ̀?"

"Àbúrò ọkọ mi ni."

"Ṣé ẹ jọ ń jà ni?"

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Yoge láìròtẹ́lẹ̀. Somapala bá a fa wáyà iná náà yọ. Ó ní kó máa fi ti apá òsì lọ jẹ́jẹ́, kó sì máa fọn fèrè ní gbogbo kọ́nà. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe gbé àwọn ọmọ délé.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, nígbà tí àwọn ọmọ ti wọ kíláàsì, kò rán Kugan níṣẹ́ mọ́. Ó yọ gílóòbù apá òsì tí kò tíì jó, ó fi áńkáṣíìfù wé e, ó mú ti Kugan náà dání, ó sì gba ṣọ́ọ̀bù Nizar tó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ lọ, nítòsí ibùdókọ̀ ojú irin, níbi tí Kugan ti ra tirẹ̀.

Nizar tún na èyí tó funfun sí i. "Èyí ni gbogbo ayé ń rà."

"Ẹ jẹ́ ká fi wọ́n wéra ná, sà."

Ó to méjèèjì sórí káńtà. Èyí tó bá ọkọ̀ wá ní ẹsẹ̀ irin mẹ́ta, ọ̀kan sì fẹ̀ ju àwọn yòókù lọ. Okùn tín-ín-rín méjì ló wà nínú dígí rẹ̀, ọ̀kan fún ìtòsí, ọ̀kan fún ọ̀nà jíjìn. Okùn kan péré ló wà nínú ti Kugan. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kò lè wo ilẹ̀ bó tilẹ̀ fẹ́. Yoge yí ìdí èyí tó bá ọkọ̀ wá sí ìmọ́lẹ̀, ó ka ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀: H4.

"H4 lò ń wá? Kí ló dé tí o ò ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀?"

"N ò mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ ni. Ẹ̀yin náà ò sì bi Kugan."

Nizar rẹ́rìn-ín, ó lọ mú un wá. Méjì ni Yoge rà, tí agbára wọn kò ju ti àtijọ́ lọ, torí dígí ti apá òsì náà ti ń dúdú.

"Má fọwọ́ kan dígí rẹ̀ o," ni Nizar wí. "Ọ̀rá ọwọ́ kì í jẹ́ kó pẹ́."

Iwájú ṣọ́ọ̀bù níbẹ̀ ló ti fi áńkáṣíìfù dì wọ́n mú, ó sì kì wọ́n bọ ihò wọn. Wọ́n wọlé wẹ́rẹ́. Ó kọjú ọkọ̀ sí ògiri, ó tan iná: méjèèjì wà ní ọgbọọgba, wọ́n rẹlẹ̀, wọn kò wo ojú ẹnikẹ́ni. Yoge mí kanlẹ̀.

Nígbà tí Kugan gbọ́, ó họrí. "Ṣùgbọ́n Àǹtí, ó ṣáà tàn."

"Ó tàn, Kugan. Ojú Somapala ló tàn sí."

Kò pẹ́ tí kùrukùru fi padà wá. Yoge tan iná ìtòsí, ìlà funfun etí títì sì hàn sí i kedere, títí kan igi tíì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nínú ọkọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, àwọn ọmọ ń jà lórí ẹni tó jẹ gúáfà ọ̀kan nínú wọn. Kò ní kí wọ́n dákẹ́.

Ní ilé ìkẹyìn, ìyá àgbà ọmọ tó sọ̀ kalẹ̀ gbé ife tíì gbígbóná jáde fún un. Tẹ́lẹ̀, Yoge á ní òun ń kánjú kí ilẹ̀ má baà ṣú. Lọ́jọ́ yẹn, ó jókòó sórí òkúta ẹnu ọ̀nà, ó mu ún tán, ó sì bi ìyá àgbà náà bóyá tíì ṣì ṣẹ́ kù.