Ọwọ́ Ìyàwó Bàbá

Aránṣọ ni gbogbo wọn ń pè é nílé iṣẹ́ fíìmù. Ó ti lé láàádọ́ta ọdún, ọkọ rẹ̀ ti kú, ojú rẹ̀ kò ríran rékété bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, àmọ́ nínú àwọn ọ̀dọ́ tó kún yàrá ìránṣọ, kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ ranṣọ tó o.

Fíìmù tí wọ́n ń ṣe lọ́dún náà, àlọ́ tọ́mọdé gbogbo mọ̀ ni: ọmọ òrukàn àti ìyàwó bàbá rẹ̀. Olùdarí sọ pé àwọn àgbà lòun ń ṣe tòun fún. Kò sí ọmọ ọba, kò sí orin, kò sẹ́ni tó máa jí ọmọ náà dìde. Ìyàwó bàbá yóò rán ẹ̀wù, yóò fi májèlé ra ọrùn ẹ̀wù náà, yóò sì fẹ̀rín wọ̀ ọ́ fọ́mọ.

Òṣèré tó ń ṣe ìyàwó bàbá kò mọ abẹ́rẹ́ dì mú. Ó fi gún ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ̀jẹ̀ kán sáṣọ funfun. Ni olùdarí bá ní kí Aránṣọ wá jókòó, ọwọ́ rẹ̀ nìkan ni kámẹ́rà máa rí. Ó gbà tẹ̀ríntẹ̀rín.

Ó rán an títí, kò tẹ́ olùdarí lọ́rùn. Ó ní àánú pọ̀ jù lọ́wọ́ náà.

“Mà, ẹ ronú kan ọmọ tẹ́ ò fẹ́ràn rí. Ọmọ tó ń gbé nílé yín, tó wù yín kó kúrò níbẹ̀.”

Abẹ́rẹ́ yí padà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń wọ aṣọ bí eyín ejò. Olùdarí ní ohun tóun ń wá gan-an nìyẹn.

Láti ọjọ́ náà, ara Aránṣọ kò lélẹ̀ mọ́. Á gbé omi kaná, kó tó hó, á ti jáde nílé. Á máa lọ síbi iṣẹ́, á bá ara rẹ̀ lójú ọ̀nà tí kò bá a tan.

Nígbà tó fẹ́ ọkọ rẹ̀ olóògbé, ọmọbìnrin ọdún méje ló bá lọ́wọ́ rẹ̀. Aṣọ ìyá ọmọ náà tó ti kú wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ọmọ a sì máa gbóòórùn rẹ̀ kó tó lọ sílé ìwé. Lọ́jọ́ tí owú ká ìyàwó tuntun mọ́ra, ó mú sísọ́ọ̀sì, ó gé aṣọ náà sí àkísà ìnulẹ̀, ó ní kòkòrò ló jẹ ẹ́. Ọmọ wo àkísà, ó sì wo ìyàwó tuntun. Lẹ́yìn ìyẹn, ó tọ́jú ọmọ náà bí ẹyin, títí tó fi di nọ́ọ̀sì. Síbẹ̀ “Àǹtí” lọmọ náà ń pè é dòní.

Ó sọ fún ara rẹ̀ pé ọ̀rọ̀ kì í tóbi ká fi ọ̀bẹ bù ú, ẹnu náà la ó fi sọ ọ́. Lọ́jọ́ Àìkú, ó lọ bá nọ́ọ̀sì nílé. Kò tiẹ̀ jókòó.

“Kòkòrò kọ́ ló jẹ aṣọ ìyá ẹ. Èmi ni mo gé e.”

Nọ́ọ̀sì ń lọ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀. Ó lọ apá kan tán kó tó dáhùn.

“Mo mọ̀, Àǹtí. Ọmọ kékeré pàápàá mọ ibi tí sísọ́ọ̀sì bá gbà. Ẹ má tíì bẹ̀ mí. Mi ò mọ ohun tí mo máa sọ.”

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko, kò pè é. Ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ kan, nọ́ọ̀sì yọ sí yàrá ìránṣọ.

“Ṣẹ́ ẹ rántí bí aṣọ náà ṣe rí? Mo ti gbàgbé. Bàbá ò sì sí mọ́ tí mo lè bi.”

Ẹni tó ba nǹkan jẹ́ kì í gbàgbé ẹ̀. Aránṣọ fa bébà, ó yà á: aṣọ búlúù onílà funfun, ọrùn róbótó, bọ́tìnnì mẹ́rin tí ọ̀kan ò bá tó kù mu, apá òsì tí wọ́n fọwọ́ tún rán wọ́gọwọ̀gọ.

“Ìyá mi ò mọ aṣọ rán?”

“Kò mọ̀ ọ́n rárá.”

Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín díẹ̀. Aránṣọ bi í bóyá kóun rán irú ẹ̀ fún un. Nọ́ọ̀sì mi orí pé rárá, ó ká bébà sápò, ó ní aago méjì lòun máa wọṣẹ́.

Aránṣọ sìn ín dé ẹnu ọ̀nà. Ó padà wá jókòó, ó tún dìde, ó lọ wo ojú títì. Nọ́ọ̀sì ti lọ.