Àdúrà Níwájú Ọkọ̀ Ìjàpá

Òórùn bẹntiróò àti ti ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ pa ni mo fi ń rántí àárọ̀ ọjọ́ tí mo fẹ́ ṣe ìdánwò àtiwọ ilé ìwé girama.

Ìgbà tí owó epo rọ̀bì ń ṣàn ni, tí ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ lánàá ń wa mọ́tò lónìí. Bàbá mi, akọ̀wé ìjọba, ra ọkọ̀ Ìjàpá àlòkù. Ní Ìsọlọ̀ níbi tí à ń gbé, a máa ń ti ọkọ̀ náà ju bó ṣe ń gbé wa lọ. Bàbá á jókòó sídìí sítíárìn, wọ́n á máa pariwo pé, "Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà!" Ọwọ́ tiwọn kì í sí nínú èyí tí a gbá jọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, táyà ẹ̀yìn rì sínú ẹrẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọn kì í dúró de ẹnikẹ́ni níbi ìdánwò: tí aago mẹ́jọ bá ti lù, wọ́n á ti géètì. Yèyé, ìyá bàbá mi, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Èkìtì dé, ní àdúrà ló kù. "Ẹ dijú! Ẹ máa tì í, kí ẹ máa ṣe àmín!"

Èmi, màmá mi àti Ìyá Ràṣídà, aládùúgbò wa, tì í títí, kò mira. Mùsùlùmí ni Ìyá Ràṣídà, ṣùgbọ́n àmín tiwọn ló ròkè jù. Wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ, wọ́n fi orúkọ mi pe màmá mi: "Ìyá Dúpẹ́, ṣé òkúta lẹ kó sínú ọkọ̀ yìí ni?"

Mo la ojú kan, mo yọjú wo iwájú. Yèyé ni mo rí. Wọ́n gbé ọwọ́ méjèèjì lé orí ọkọ̀, wọ́n fẹsẹ̀ tẹlẹ̀ bí ẹni tó ń jìjàkadì. Bí a ṣe ń tì í lọ síwájú, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń tì í padà sí wa lára. Bàbá ńkọ́? Àwọn náà dijú nídìí sítíárìn.

"Yèyé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bọ́ sẹ́yìn."

"Orí la ń gbé ọwọ́ lé gbàdúrà, ọmọ yìí. Ta ní ń gbé e lé ìdí?"

Ọmọdé kì í sọ fún àgbà pé wọ́n ń dí iṣẹ́ lọ́wọ́. Aago sì ń sáré. Mo bá rántí ibi tí mẹkáníìkì máa ń ṣí tó bá ń tún un ṣe: ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì Ìjàpá wà.

"Yèyé, ẹ̀yìn ni orí tirẹ̀ wà, mà."

Wọ́n kọjú sí Bàbá. "Irú nǹkan tó gbé orí sídìí lo wá fowó rà l'Ékòó?"

Ṣùgbọ́n wọ́n bọ́ sẹ́yìn, wọ́n gbé ọwọ́ lé e. Ẹ̀ẹ̀kan náà ni ọkọ̀ ta jáde. Àdúrà Yèyé ò tíì parí. Wọ́n bá a lọ, wọ́n sì dojú bolẹ̀ sínú ẹrẹ̀. Ilẹ̀ níbẹ̀ ni wọ́n ti dáhùn: "Àmín!"

Mo bá ìdánwò náà, mo sì yege. Nígbà tí mo dé kíláàsì kẹta, olùkọ́ físíìsì ya àpótí kan sójú pátákó, ọfà kan ń tì í láti ọ̀tún, ọ̀kan láti òsì. Wọ́n ní tí agbára méjèèjì bá dọ́gba, àpótí ò ní lọ síbì kankan. Ẹ̀rín pa mí.

"Kí ló pa ọ́ lẹ́rìn-ín?"

"Ìyá bàbá mi ni, sà."

Wọ́n ní kí n kúnlẹ̀.

Lóṣù tó kọjá, ọkọ̀ ọmọ mi kú sójú títì ní Ṣógúnlé. Àwọn ọ̀dọ́ kan ń bá wa tì í, kò lọ. Ọmọ mi yọrí lójú fèrèsé. "Mọ́mì! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kúrò níwájú!"

Mo la ojú, mo bá ọwọ́ mi méjèèjì lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì, èmi tí mo mọ ọ̀rọ̀ ọfà méjì yẹn dunjú. Mo ní kó fi mí sílẹ̀ kí n ṣe àmín ná. Ẹ́ńjìnnì ti ọkọ̀ tirẹ̀, iwájú ló wà.